Ṣé Ohun Tí Etí Mọ̀, Ìmọ̀ Ni?

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, wá kí wa ní Idigny. Bí ó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó fa àpò kékeré kan yọ láàárín iṣu àti aṣọ, ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ tí ò ń mu kafé láràárọ̀, mo mú èyí tí kò tíì rí iná bọ̀ wá fún ọ.” Mo tú àpò náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jọ ohunkóhun tí mo ti ń pè ní kafé: hóró kéékèèké tí àwọ̀ wọn wà láàárín ewé gbígbẹ àti eérú, tí wọ́n le bí òkúta, tí òórùn wọn sì dà bí ti koríko tí oòrùn ti pa. Ó tó kílò márùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń mu kafé, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá. N kò tíì fi ojú kan hóró rẹ̀ rí kí iná tó kàn án.

Ìtìjú díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kafé kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Apá Badou, níbi tí òkè pààlà Tógò àti Gánà, ni a ti ká èyí tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá. Ọ̀kan nínú irú kafé tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ jù ní Tógò àti ní Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Niaouli, orúkọ abúlé kan lẹ́bàá Allada, ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, níbi tí ilé ìwádìí ọ̀gbìn ti wà láti ayé ìjọba Faransé. Igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni ìdílé igi náà ti ṣẹ̀, láti Gíní títí dé Ùgáńdà. Síbẹ̀, inú agolo àti inú ọ̀rá pẹlẹbẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n, bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti ṣe tán ní Abidjan, tí a kàn ń da omi gbígbóná lé lórí, tí a sì ń fi wàrà inú agolo là. Ọ̀rọ̀ owó àti òwò wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn lè kọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo gbìyànjú láti yan kafé náà ni èmi fẹ́ sọ, nítorí pé ó gbé mi dé iwájú ìbéèrè kan tí mo ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Bí a ti ń yan ẹ̀pà ni a lè yan kafé, nínú agbada, lórí iná igi. Ní ilẹ̀ Etiópíà, níwájú àlejò ni àwọn obìnrin ti ń yan án lórí páànù pẹrẹsẹ, wọn a sì gbé èéfín rẹ̀ kọjá nímú olúkúlùkù kí wọ́n tó gún un. Ṣùgbọ́n olùkọ́ PCT ni mí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀rọ. Mo ti kà pé àwọn kan lókè òkun ń fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná yan kafé nínú ilé ara wọn: irú ẹ̀rọ tí ó dà bí ìbọn, tí àwọn tí ń kun ilé fi ń yọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára igi, tí Faransé ń pè ní décapeur. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lílẹ ọ̀rá dúdú mọ́ gíláàsì ọkọ̀, ní ọ̀kan. Ó yá mi.

Mo kọ ìlànà iṣẹ́ náà sínú ìwé, bí mo ti máa ń kọ ètò ẹ̀kọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti ẹnu ẹ̀rọ náà jáde lè gbóná ju ìwọ̀n 500 lọ, nítorí náà kí ẹnu rẹ̀ má ṣe kan hóró. Kí ó jìnnà sí i tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Kí a máa rò ó láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, hóró náà yóò kọ́kọ́ di àwọ̀ àgbàdo, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà yóò di àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí ooru inú rẹ̀ bá súnmọ́ ìwọ̀n 196, ooru omi tí ó há sínú rẹ̀ yóò ya á, yóò sì ta. Èyí ni títa àkọ́kọ́. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 224, yóò tún ta lẹ́ẹ̀kejì, epo yóò sì yọ sí ara rẹ̀. Láàárín títa méjèèjì ni kí a dáwọ́ dúró, kí a tètè mú un tutù. Yóò ti fúyẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà. Kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí afẹ́fẹ́ tí iná dá sínú rẹ̀ lè jáde, kí a tó lọ̀ ọ́. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ. Tàbí kí n sọ pé gbogbo èyí ni mo rò pé mo mọ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo da 200 gíráàmù sínú abọ́, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, ẹ̀rọ ní ọwọ́ ọ̀tún, ṣíbí onígi ní ọwọ́ òsì. Ojú mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gílóòbù tí ó wà lókè ilẹ̀kùn wa, gbogbo àwọ̀ jọ ara wọn. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara hóró ń fò káàkiri, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lórí. Ìdajì kafé náà jóná, ìdajì kù ní tútù. Mo lọ̀ ọ́, mo sì mu ún nítorí agídí. Ó korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ.

Ní ìgbà kejì, iná mànàmáná lọ bí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo yá ẹ̀rọ amúnáwá lọ́wọ́ aládùúgbò, mo rọ epo kpayo sí i. Ariwo rẹ̀ àti ariwo ìbọn ọwọ́ mi dàpọ̀. Mo ń dúró de títa àkọ́kọ́ tí ìwé mi ṣèlérí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ta, ó sì ti ta lẹ́ẹ̀kejì. Èéfín dúdú ni ó wá jẹ́ kí n mọ̀.

Ọ̀sán ni mo mú fún ìgbà kẹta, iná sì wà. Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí n sọ pé ìyá kan wà ní agbo ilé tí ó kángun sí tiwa, tí ó ń yan gààrí tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì quatrième. Kò kọjá ní ọdún náà. Ó tún kíláàsì náà kà, lẹ́yìn èyí kò padà sí ilé-ìwé mọ́. Òun ni ó yọ sí mi láti ẹ̀yìn ògiri, tí ó kúnlẹ̀.

“Mùsíyé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, nǹkan yín ń jóná nísàlẹ̀.”

Mo wo inú abọ́. Gbogbo hóró tí ó wà lókè dára lójú mi. Mo ní, “Níbo ni o ti rí i?”

“N kò rí i, Mùsíyé. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ ni.”

Ó padà sílé wọn, ó mú àfọ́kù igbá tí wọ́n fi ń ro gààrí wá, ó ní ṣíbí mi kò dé ìsàlẹ̀. A da èyí tí ó jóná nù, a bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èmi di ẹ̀rọ mú, òun ń rò ó. Nígbà míràn ó ní kí n fa ìbọn mi sẹ́yìn díẹ̀, kí n jẹ́ kí ó mí. Ó tó àkókò kan tí ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Ó ti ń bọ̀.” Èmi kò gbọ́ ohunkóhun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni hóró kan ta, pá! bí igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a ṣẹ́; òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí ó fi dà bí òjò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù ilé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

“Ó tó, Mùsíyé.”

Mo ní kí a dúró díẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ dé ibi tí mo kọ sínú ìwé. Ó wò mí bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa ti ń wo àgbàlagbà tí ó ń ṣìnà. “Ó tó.” Kò dúró de àṣẹ mi mọ́. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí atẹ, ó ń jù ú sókè, ó ń fẹ́ ẹ, ìyàngbò ń bá afẹ́fẹ́ lọ, kò sì pẹ́ tí hóró náà fi tutù lọ́wọ́. Àwọ̀ wọn dọ́gba. Ọmọ yìí kò tíì rí kafé tútù rí láyé rẹ̀.

Mo bi í pé, “Báwo ni o ṣe mọ̀ pé ó tó?”

Ó wo ilẹ̀. “N kò mọ̀, Mùsíyé. Ohùn rẹ̀ ló yí padà.”

Ìdáhùn náà gún mi lọ́kàn, nítorí mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ọmọ kan náà. Nínú ìdánwò kan ní ọdún tí ó wà ní kíláàsì mi, mo béèrè bí a ti ń mọ̀ pé omi ti ń hó. Ìdáhùn tí mo fẹ́ ni pé ìwọ̀n ooru rẹ̀ á dúró sí 100, kò ní gòkè mọ́ bí iná tilẹ̀ ń jó. Òun kọ ọ́, ní Faransé tí kò dán, pé omi a máa kọrin kí ó tó hó, pé nígbà tí orin náà bá rọlẹ̀ ni omi hó. Mo fi bíìkì pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, chante, mo sì kọ òdo. Nígbà tí mo ń pín ìwé padà, mo bi í níwájú gbogbo kíláàsì bí ó ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Je ne sais pas, Monsieur.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó kọ tọ̀nà. Bí omi bá ń gbóná, ooru omi máa ń kóra jọ wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, á gòkè, á bá omi òkè tí kò tíì gbóná tó, á sì fọ́. Fífọ́ wọn ni orin náà. Nígbà tí gbogbo omi bá gbóná dọ́gba, wọn kò ní fọ́ lọ́nà mọ́, ohùn náà á sì rọ̀. Olùkọ́ PCT ni ó yẹ kí ó mọ èyí. Èmi tí mo kọ òdo ńkọ́? N kò tíì wọn ooru omi tí ń hó rí ní ọjọ́ ayé mi. Àwòrán ni mo yà sójú pátákó, ìlà kan tí ó gòkè, tí ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ó dé 100. Ẹni tí ó kọ́ mi náà yà á bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹni tí ó kọ́ òun náà yà á bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1986, Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti J. Olubi Sodipo, tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Knowledge, Belief and Witchcraft. Wọ́n ti jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ méjì: mọ̀ àti gbàgbọ́. Wọ́n rí i pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ náà mọ̀ ṣòfò bí àwọn Òyìnbó ti ń fi tiwọn ṣe. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, ni mo lè sọ pé mo mọ̀. Ohun tí a sọ fún mi, tí mo sì gbà, ìbáà ti ẹnu bàbá mi wá, ìbáà ti inú ìwé wá, ìgbàgbọ́ ni. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò ìwé kí ó tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbà ti sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹ wo ibi tí èyí gbé olùkọ́ dé. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn náà wọ̀n mí, ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́ ìgbàgbọ́, ìdánwò sì jẹ́ ọ̀nà tí mo fi ń wò ó bóyá ìgbàgbọ́ tiwọn bá tèmi mu. Ọmọ tí ó ti jókòó ti agbada láti kékeré ni ó ní ìmọ̀ nínú wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ojú ni àwọn oníṣègùn náà fi jọba, ọmọ yìí kò sì rí nǹkan kan. Ó sọ ọ́ fún mi ní ẹnu ara rẹ̀. Etí àti imú ni ó lò. Ṣé kí a wá sọ pé ìgbàgbọ́ ni tirẹ̀ náà, nítorí pé ó gbọ́ ọ, kò rí i?

Ọ̀rọ̀ náà gbọ́ yẹ ní wíwò dáadáa. A ń gbọ́ ariwo. A ń gbọ́ èdè, ẹni tí ó gbọ́ Faransé sì ni ẹni tí Faransé yé. Faransé fúnra rẹ̀ mọ ìyẹn, nítorí entendre wọn mú ariwo àti òye pọ̀. Ṣùgbọ́n imú kò sí nínú rẹ̀, àwa sì ń gbọ́ òórùn. Nínú gbàgbọ́ náà, gbọ́ wà níbẹ̀: ohun tí a gbọ́, tí a sì gbà. Mo rò pé gbígbọ́ méjì ni a ti kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ọ̀kan ni kí n gbọ́ ohun tí ẹnìkan sọ nípa nǹkan. Èkejì ni kí n gbọ́ nǹkan náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí kafé bá ta, kò sí aṣojú láàárín èmi àti kafé, kò sí ẹni tí ó lè purọ́ fún mi. Ẹ̀rí ni èyí, ó sì tó ẹ̀rí ojú.

Mo tilẹ̀ fẹ́ lọ síwájú díẹ̀. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ojú mi ni mo lò, ojú náà kò sì rí òótọ́, nítorí pé àwọ̀ tí ìwé ti sọ fún un ni ó ń wá. Ìròyìn ti wọ inú ojú mi kí n tó là á. Ojú mi ń gbàgbọ́. Etí ọmọ náà ń mọ̀.

Àwọn tí wọ́n ti ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí yóò rán mi létí Gilbert Ryle, ará Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ya ìmọ̀ sí ọ̀nà méjì nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1949: mímọ̀ pé nǹkan rí báyìí, àti mímọ bí a ti ń ṣe nǹkan. Ó fẹ́ fi iyì fún ìmọ̀ọ́ṣe tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fojú tín-ín-rín. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní àárín àwa olùkọ́, ìyàtọ̀ yìí ti di èébú oníwà pẹ̀lẹ́: a ó ní ọmọ yìí mọ ọwọ́ lò, kò kàn mọ̀wé ni. A fún un ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé ìmọ̀, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ tí ó sọ fún mi pé “Ó tó” kò kàn mọ bí a ti ń yan nǹkan. Ó mọ òtítọ́ kan, pé hóró náà ti dé ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, a sì lè dán òtítọ́ náà wò, kí a rí i pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí kò ní ni gbólóhùn tí mo lè fi máàkì sí.

Kí n má bàa di ẹni tí ó ń yin etí títí tí yóò fi ba tẹmọ́mítà jẹ́, ó yẹ kí n rántí àgbàdo. Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí a tó kó o sí àká lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxine. Májèlé náà kò ní òórùn, kò ní ìtọ́wò, kò ní ohùn. Ní Kẹ́ńyà, ní ọdún 2004, ó mú ènìyàn 317, ó sì pa 125 nínú wọn. Àwọn tí wọ́n se oúnjẹ náà ní etí, wọ́n sì ní imú. Irinṣẹ́ nìkan ni ó lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń jẹ àgbàdo ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ lórí ilẹ̀ Kétu kò sì gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Ìmọ̀ tí ó wà nínú nọ́ńbà ń rìn: ẹni tí kò ní ìyá tí yóò jókòó tì lẹ́bàá ààrò lè gbà á láti ọ̀nà jíjìn. Ìmọ̀ etí kì í rìn jìnnà. Bí ọmọ kò bá jókòó ti ẹni tí ó ní in, á bá a lọ sí sàréè.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ń jẹ mí lọ́kàn kéré ju ìjà láàárín agbada àti ẹ̀rọ lọ, ó sì le jù ú lọ. Kí ni olùkọ́ jẹ ọmọ tí ó mọ ohun kan tí olùkọ́ kò mọ̀, tí ó sì sọ ọ́ lọ́nà tí olùkọ́ kò retí?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ mi kan. Ó ní tí a bá ní ìwé ọgọ́ta láti yẹ̀ wò ní òru ọjọ́ Àìkú, ìdáhùn kan ṣoṣo ni a lè fi wọ̀n wọ́n. Bí mo bá gba orin omi lónìí, lọ́la ẹnìkan yóò kọ ọ́ pé àlá ni ó fi mọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdájọ́ tí a kò lè ṣàlàyé fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́ òdodo, òbí tí ó bá wá béèrè ìdí tí ọmọ òun fi gba òdo tí ti aládùúgbò sì gba mẹ́rin ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè bá ẹlòmíràn wọ inú àlá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dákẹ́ lẹ́bàá ìkòkò ni ó lè gbọ́ orin omi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti omi díẹ̀ ni ó ná mi láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Wọn kì í dá ènìyàn lẹ́bi nítorí pé kò mọ̀. Ẹ̀bi mi ni pé mo kọ òdo sí ohun tí n kò dán wò, mo sì fi ohun tí èmi pẹ̀lú kò dán wò gbè é lẹ́sẹ̀.

Mo lọ wá ìwé máàkì ọdún náà. Àròpín rẹ̀ jẹ́ 9,41 nínú 20. Mo fi máàkì tí ó yẹ kí ó gbà sí i, mo tún un ṣírò: 9,58. Kò ní kọjá bẹ́ẹ̀ náà. Ó yẹ kí ìṣirò yẹn tù mí nínú, ẹlẹgbẹ́ mi sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni mo ṣírò. Ó ṣe ìdánwò mélòó ní ọdún náà, lọ́dọ̀ olùkọ́ mélòó, mélòó nínú wọn ni ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sí?

Ní oṣù Kejì, mo gbé sítóòfù gáàsì wa lọ sí kíláàsì, pẹ̀lú ìkòkò kan àti tẹmọ́mítà tí mo tọrọ. Mo ní kí àwọn ọmọ di ojú, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ó bá rọlẹ̀. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n. N kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láàárín wọn. Àwọn tí wọ́n ń dáná nílé gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọkùnrin tí oúnjẹ kàn ń bá níbi tí wọ́n jókòó sí la ojú kan láti wo ọwọ́ ẹlòmíràn. (Tẹmọ́mítà dúró sí 99. Ìyẹn ná mi ní wákàtí mìíràn.)

Kafé wa ti sùn dé ọjọ́ kejì nígbà tí mo pe ọmọ náà wá tọ́ ọ wò. Ó mu díẹ̀, ojú rẹ̀ sú, ó béèrè ṣúgà. Ó fi ẹyọ mẹ́rin sí i. Mo wá sọ fún un pé mo rántí òdo ọjọ́sí, pé ohun tí ó kọ tọ̀nà, pé èmi ni mo ṣì í, kí ó má bínú. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Mo rò pé kò rántí. Ó rántí.

“Mùsíyé, èmi rò pé omi kì í kọrin ní Faransé ni.”

Mo ní ó ń kọrin. Pé àwọn Faransé gan-an máa ń sọ pé la bouilloire chante, kò sì sí ẹni tí ó ń fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ fún wọn.

Ó gbé ife náà sílẹ̀. “Ṣé òótọ́ ni?” Ó yíjú sí ògiri, ó ké sí ìyá rẹ̀ tí ó ń yan gààrí lọ́wọ́: “Ìyá! Mùsíyé ní omi ń kọrin ní Faransé náà!”

Èéfín ń gòkè láti ẹ̀yìn ògiri náà. Ohùn ìyá rẹ̀ dáhùn láti inú rẹ̀ pé, “Jẹ́ kó máa kọrin. Mú igbá mi bọ̀, gààrí ti ń dákẹ́.”